Ẹ Sanwó fún Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tó Ń Ṣiṣẹ́, Ẹ Má Sanwó fún Òpó Lásán

Mo fara mọ́ ọn pé kí ìjọba náwó gbé íntánẹ́ẹ̀tì ayára-bí-àṣá dé ìgbèríko. Mo sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ báyìí kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́ nígbà tí mo bá ń bá ìjọba wí níwájú. Àríyànjiyàn náà ti ń lọ láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024, nígbà tí Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ri wáyà fáíbà tó gùn tó 90,000 kìlómítà mọ́lẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Project BRIDGE ni wọ́n pè é. Owó tí wọ́n ní yóò gbà tó bílíọ̀nù méjì dọ́là, wọ́n sì ti lọ bá Báńkì Àgbáyé fún ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 500 dọ́là nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ìjọba tún ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n fẹ́ rì sí àwọn abúlé tí ilé-iṣẹ́ fóònù kò dé.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọjà. Bí mo bá kó gbodo dé Bódìjà ní Ìbàdàn, àwọn oníbàárà mi tó ń ka ìwé ìròyìn máa ń bi mí pé, "Ìyá Tíṣà, kí ni ará oko fẹ́ fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣe? Ọ̀nà ni kí wọ́n kọ́kọ́ là fún wọn, kí wọ́n gbẹ́ kànga fún wọn." Àwọn mìíràn ní ìjọba kò mọ òwò ṣe, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún oníṣòwò. Àwọn kan tún ní kò sí ohun tí a lè ṣe, àwọn olóṣèlú ni yóò jẹ owó náà tán. Ọdún pípẹ́ ni mo fi kọ́ ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì, iṣu gbígbẹ ni mo ń tà báyìí. Mo mọ ohun tí àìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fi ojú ọmọ iléèwé rí, mo sì mọ ohun tó ń fi ojú ọlọ́jà rí. Ẹ jẹ́ kí n fèsì.

Abúlé wa wà ní Òkè-Ògùn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, láàrin Tedé àti Àgọ́-Àrẹ, níbi tí a ti máa ń kúrò lójú títì wọ inú oko. Fóònù wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà. Ohun tí kò sí ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí a bá fẹ́ pe èèyàn, a ó gun àpáta tó wà lẹ́yìn abúlé. Lókè rẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń yọ díẹ̀, tí yóò sì tún lọ. Oòrùn ọ̀sán orí àpáta yẹn kì í ṣe ohun tí arúgbó lè fara dà, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, ẹ̀rù ejò ń bani. Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó ti bá ọmọ náà ṣàdéhùn: ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, lórí àpáta. Bí ọmọ bá ṣàìsàn ní ọjọ́ Ajé, ìyá kò ní gbọ́ títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí.

Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 naira, tí owó wá dàwátì. Ìyà jẹ ará ìlú, wọ́n ń tò sẹ́nu báńkì láti ìdájí. Síbẹ̀, ẹni tó wà ní Ìbàdàn ṣì lè fi fóònù ra búrẹ́dì fún ọmọ rẹ̀. Ní tiwa, àkókò gbodo gan-an nìyẹn. Inú ẹ̀ẹ̀rùn la máa ń bó iṣu, tí a ń fi omi gbígbóná bọ̀ ọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, tí a ń sá a títí yóò fi gbẹ kanrangídá. Òun ni wọ́n ń lọ̀ di èlùbọ́ tí ẹ ń fi ṣe àmàlà. Àwọn oníbàárà wa gbé ọkọ̀ wá láti Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́ bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún. Kò sówó lọ́wọ́ wọn, tíráńsífà ni wọ́n fẹ́ ṣe. Báwo lèèyàn ṣe ń gba tíráńsífà níbi tí àlẹ́ẹ̀tì báńkì kò lè wọlé?

Ìyá kan wà ní abúlé kejì sí tiwa, opó ni. Ó kó àpò gbodo rẹ̀ fún oníbàárà kan tó fi ojú fóònù hàn án pé òun ti sanwó láti ojú títì kí òun tó wọlé. Kò sí ọ̀nà tó lè gbà wádìí, ó gbà á gbọ́. Ó gun àpáta ní ọjọ́ kejì, kò rí nǹkan. Nígbà tó wọ ọ̀kadà dé ìlú ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n sọ fún un ní báńkì pé owó kankan kò wọlé. Kò mọ ilé oníbàárà náà, kò mọ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó kù gbọ́, wọ́n sì kọ̀ láti tà fún ẹni tí kò bá mú owó dání. Gbodo wá jókòó sílé, kòkòrò wọ̀ ọ́. Kí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta pé owó àtijọ́ ṣì ń ná, ọ̀pọ̀ ti kúnná nínú àpò. Èmi náà pàdánù, ṣùgbọ́n mo ní owó ìfẹ̀yìntì tí mo lè fọwọ́ lé. Opó yẹn kò ní nǹkan kan. Ẹni tó bá ń bèèrè ohun tí ará oko fẹ́ fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣe, ẹ̀sì mi nìyẹn: ó fẹ́ fi gba owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ti àwọn ọmọ iléèwé tún dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún 2015 ni JAMB ti kó gbogbo ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga sórí kọ̀ǹpútà. N kò lòdì sí i; ó dín ojúsàájú àti jíjí ìwé ìdánwò kù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ abúlé. Kó tó forúkọ sílẹ̀, yóò kọ́kọ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láti orí fóònù ara rẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ JAMB. Orí àpáta ló ti máa ṣe ìyẹn. Lẹ́yìn náà, yóò lọ sí Ṣakí láti forúkọ sílẹ̀, yóò tún padà lọ ṣe ìdánwò, owó ọ̀kadà àti ti mọ́tò lọ bọ̀, oúnjẹ, ibi tí yóò sùn. Tó bá wá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò tíì di máòsì mú rí. Mo ti kọ́ ọmọ tó gbọ́ ìṣirò ju ọmọ ọ̀pọ̀ iléèwé olówó lọ, tó wá padà délé pẹ̀lú máàkì tí kò yẹ ẹ́ nítorí pé aago ń lọ, kò sì mọ ibi tí yóò tẹ̀. Ìdánwò WAEC náà ti ń gba ọ̀nà yẹn lọ. Bí ìjọba bá ti sọ íntánẹ́ẹ̀tì di ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ojúṣe ìjọba kan náà ni láti rí i pé kò sí ọmọ tí ilẹ̀kùn yẹn tì mọ́.

Àwọn tó ní kí a fi í sílẹ̀ fún oníṣòwò ní ẹ̀rí tó lágbára, n kò ní fojú rénà rẹ̀. Èmi náà wà láyé NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba. Mo mọ bí èèyàn ṣe ń rin ìrìn-àjò tó ń tò sórí ìlà nítorí ìpè kan. Ní ọdún 2001 tí ìjọba ta ìwé àṣẹ GSM, mílíọ̀nù 285 dọ́là fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ṣe ní ọdún díẹ̀ ohun tí ìjọba kò lè ṣe láti ìgbà òmìnira. Kò sí ẹni tó máa sọ pé kí a padà sí NITEL. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ibi tí wọ́n dúró sí. Òpó kan náà ni wọ́n ń rì sí Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn àti sí abúlé wa: irin kan náà, ẹ̀rọ kan náà, bátìrì kan náà. Ní Dùgbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń ra dátà lábẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ títí di òru. Ní ọ̀dọ̀ wa, ọgọ́rùn-ún mélòó kan ni wá, iye tí a lè rà kò tó nǹkan, iná ọba kò sì sí, jẹnẹrétọ̀ ni yóò máa gbé òpó náà ṣiṣẹ́. Oníṣòwò tó bá mọ ìṣirò kò ní wá. N kò bínú sí i. Òwò ló wá ṣe.

Òpó kan wà lójú títì tí kò jìnnà sí wa. Bó bá ń ṣiṣẹ́, a máa ń rí díẹ̀ gbà nínú rẹ̀. Ó máa ń kú fún ọjọ́ púpọ̀. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ léèrè nígbà kan, ó ní, "Màmá, òpó yìí ò bàjẹ́. Epo dísù ló tán. Bí wọ́n bá gbé e wá lónìí, ẹ máa pè lónìí." Nígbà mìíràn tí mo tún bi í, bátìrì ni wọ́n jí. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe ètò ní Àbújá gbọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí wà. Rírì òpó kọ́ ni wàhálà. Ta ni yóò máa gbé epo wá ní oṣù kẹtàdínlógún, nígbà tí àwọn tó wá ya fọ́tò ti lọ?

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹni tó ni owó náà. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé ará ìlú ń ṣàánú fún ará oko. Òfin Ìbánisọ̀rọ̀ ti ọdún 2003 dá àpò owó kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní USPF, lábẹ́ NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, pàápàá fún àwọn ibi tí ilé-iṣẹ́ kò fẹ́ dé. Láti ara owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ń san fún NCC lọ́dọọdún ni wọ́n ti ń bu sínú rẹ̀. Níbo ni ilé-iṣẹ́ ti ń rí owó yẹn? Nínú káàdì ìpè ni. Opó tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ra káàdì, ó ń gun àpáta lọ lò ó, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni owó orí ọjà VAT tó ń san lórí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti ẹni tó jókòó sí Bódìjà. Ó ti ń san án láti ọjọ́ tó ti ní fóònù. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló ń bèèrè.

Lórí ọ̀rọ̀ pé ọ̀nà ló yẹ kó ṣáájú: mo ń gba ọ̀nà Ìṣẹ́yìn sí Mọ́níyà lọ sí Ìbàdàn. Kìlómítà 65 ni. Nígbà tó bàjẹ́, a máa ń sùn sójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù. Ìjọba ìpínlẹ̀ tún un ṣe, ayé sì dẹ̀ wá lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kí wọ́n dúró títí gbogbo abúlé yóò fi ní omi. Ọ̀nà ń gbé gbodo lọ, fóònù ni ó ń sọ iye tí wọ́n ń ra gbodo ní Ìbàdàn kí n tó gbé e. Ẹni tó bá ní ọ̀nà tí kò mọ iye ọjà yóò kàn yára dé ibi tí wọ́n ti máa rẹ́ ẹ jẹ ni.

Ẹni tó ń bẹ̀rù pé owó náà yóò ṣòfò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí pẹ́ díẹ̀, nítorí òótọ́ ni ó ń sọ. Láyé Ààrẹ Ọbásanjọ́, ìjọba yá owó lọ́wọ́ Ṣáínà fún tẹlifóònù ìgbèríko, National Rural Telephony Project, láti gbé tẹlifóònù dé ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n gbé ẹ̀rọ sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé náà di ibùgbé ewúrẹ́. Gbèsè Ṣáínà kò di ibùgbé ewúrẹ́, a san án.

Èmi fúnra mi rí irú rẹ̀ ní iléèwé kan tí mo ti kọ́ ọmọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbé kọ̀ǹpútà wá, wọ́n gbé àwo sátẹ́láìtì lé orí òrùlé, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ilé. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, ọba wá, alága ìjọba ìbílẹ̀ wá, àwọn ọmọ jó. Fún ìgbà díẹ̀, ó dára gan-an. Mo rí ọmọ kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá àwòrán ọkàn èèyàn àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá. N kò tíì rí i kí ẹ̀kọ́ kan wọ ọmọ lára tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣe, owó íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n san ṣáájú tán. A kọ lẹ́tà. Wọ́n ní kí a kọ ọ́ sí ọ́fíìsì mìíràn. A kọ ọ́ síbẹ̀. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, àgádágodo ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá náà, eruku bo kọ̀ǹpútà, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá iléèwé nítorí pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀, tí nǹkan bá sọnù, òun ni yóò dáhùn. Nínú ìwé ìjọba, iléèwé yẹn ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ń ka iye iléèwé tí wọ́n ti gbé íntánẹ́ẹ̀tì dé yóò kà á mọ́ ọn.

Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Láti ọdún 2011 ni ìjọba Íńdíà ti ń ri fáíbà lọ sí ibùjókòó ìgbìmọ̀ abúlé tó tó 250,000, BharatNet ni wọ́n pè é. Wáyà dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn. Nígbà tí wọ́n lọ wò ó, ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ kò ṣiṣẹ́ ní ibi púpọ̀, iná kò sí, tàbí kò sí ẹni tó fa wáyà náà wọ ilé ẹnikẹ́ni. Amẹ́ríkà, pẹ̀lú gbogbo ọlá wọn, ya bílíọ̀nù 42.45 dọ́là sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021. Nígbà tí ọdún 2024 parí, ilé kan ṣoṣo kò tíì rí íntánẹ́ẹ̀tì gbà láti inú owó náà. Ìwé ni wọ́n ń kọ: ìjọba àpapọ̀ kọ tirẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ tirẹ̀, wọ́n ń jiyàn lórí àwòrán ilẹ̀. Ní ọdún 2025, ìjọba tuntun yí òfin rẹ̀ padà, wọ́n ní wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe ojúure sí fáíbà ju sátẹ́láìtì lọ.

Sátẹ́láìtì náà ti dé ọ̀dọ̀ wa. Oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Starlink bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, kí ó tó dé orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, kí ìjọba gbé owó rẹ̀ pamọ́. Mo ti rí i ní oko olówó kan lẹ́bàá Ṣakí, ó ń sáré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwo rẹ̀ nìkan ń ná èèyàn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún naira, owó oṣù kan rẹ̀ sì ju ìdajì 70,000 naira tó jẹ́ owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ. Abúlé lè dá owó jọ fún ọ̀kan, kí wọ́n gbé e sí ilé ìwòsàn tàbí iléèwé, kí gbogbo èèyàn máa lò ó, mo sì fẹ́ kí ìjọba ṣèrànwọ́ fún irú rẹ̀ níbi tí fáíbà kò ní tètè dé. Kò lè rọ́pò òpó tí ẹni tó ní fóònù kékeré lè fi gba àlẹ́ẹ̀tì láìsan ju owó káàdì lọ.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Kí ìjọba náwó náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n má kó gbogbo rẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe ní ọjọ́ tí òpó bá dìde. Kí wọ́n san díẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí èyí tó pọ̀ jù máa jáde ní oṣooṣù, fún ọdún púpọ̀, níwọ̀n ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣiṣẹ́. Oṣù tí epo tán tí òpó kú, owó oṣù yẹn kò jáde. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò lọ ra sóólà dípò epo dísù, nítorí yóò mọ̀ pé oòrùn Òkè-Ògùn kì í tán. Òun ni yóò wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ bátìrì. Ẹ kò ní láti rán òṣìṣẹ́ kankan láti Àbújá wá wò ó.

Bí wọ́n bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, àwa tó ń lò ó ni kí wọ́n bi. Ètò íntánẹ́ẹ̀tì ti ìjọba fún ọdún 2020 sí 2025 ṣèlérí pé ìgbèríko yóò rí ó kéré tán mẹ́gábíìtì 10 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, pé gígábáìtì kan kò ní ju 390 naira lọ, pé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ará Nàìjíríà yóò wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì yìí. Ọdún 2025 parí, díẹ̀ ni a fi kọjá ìdajì, iye owó yẹn kò sì sí lọ́jà mọ́. Ta ni nínú abúlé wa ló mọ̀ pé wọ́n ti ṣèlérí yẹn fún un? Kò sí. Kí wọ́n lẹ orúkọ abúlé kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ògiri ìjọba ìbílẹ̀, ní Yorùbá, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó gba iṣẹ́, oṣù tí yóò parí, bí yóò ṣe yára tó, àti nọ́ńbà tí a ó pè bí kò bá ṣiṣẹ́. Tí ọ̀gá iléèwé, nọ́ọ̀sì àti baálẹ̀ bá jọ fọwọ́ sí i ní oṣooṣù pé ó ṣiṣẹ́, kí owó jáde. Àwọn èèyàn yóò ní a lè fún baálẹ̀ ní rìbá. Ó lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n yóò ṣòro láti fún odindi abúlé ní rìbá kí wọ́n lè sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà nígbà tí wọ́n ṣì ń gun àpáta.

Ní ti Project BRIDGE, ẹ̀rù kan ń bà mí. Fáíbà tí wọ́n fẹ́ rì lè gba ojú títì kọjá láti Ìṣẹ́yìn dé Ṣakí, kó máa lọ bí ọkọ̀ akérò tí kì í dúró láàrin ọ̀nà. Ìgbà tí wọ́n bá wọn gígùn rẹ̀, 90,000 yóò pé, abúlé wa yóò sì wà níbi tó wà. Mínísítà Bọ́sún Tìjání ti sọ pé ilé-iṣẹ́ tí yóò ni wáyà náà yóò jẹ́ àjọni, pé àwọn aládàáni ni yóò ní apá tó pọ̀ jù. N kò rí àléébù nínú ìyẹn, ìjọba kò mọ ẹ̀rọ tọ́jú. Ṣùgbọ́n aládàáni yóò lépa èrè, gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn, kí owó Báńkì Àgbáyé tó wọlé, pé iye ibi báyìí ni wáyà gbọ́dọ̀ yà sí ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rà láti pín in fún abúlé, ìbáà jẹ́ ọ̀dọ́ méjì tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, yóò rí i rà ní iye kan náà tí ilé-iṣẹ́ ńlá ń rà á.

Àwọn gómìnà náà ní tiwọn láti ṣe. Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti fẹnu kò pé 145 naira ni ilé-iṣẹ́ yóò máa san lórí mítà kan láti gbẹ́lẹ̀ ri wáyà. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò tẹ̀ lé e, wọ́n ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ní ọdún 2020, Gómìnà Fáyẹmí ní Èkìtì dín in kù sí 145 náà. Ìpínlẹ̀ tó bá ń gba owó ńlá lórí ilẹ̀, owó oko ni ó ń gbà, nítorí pé ibi tí wáyà ti gùn jù láti dé ni oko.

Àwa ará abúlé náà kò lè ká ọwọ́ gbera. Láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹjọ ọdún 2025, NCC ní wọ́n gé fáíbà ní ìgbà tó ju 19,000 lọ ní Nàìjíríà. Àwọn tó ń ṣe ọ̀nà gé òmíràn, ṣùgbọ́n olè wà nínú rẹ̀, àwọn onílẹ̀ tó ní kí wọ́n san owó ọmọ onílẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gé wáyà ọmọ iléèwé, kí a fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ tani.

Ohun kan wà nínú ìtàn Amẹ́ríkà tí mo fẹ́ràn ju ti bílíọ̀nù 42 yẹn lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, nǹkan bí ẹyọ kan péré nínú oko mẹ́wàá níbẹ̀ ló ní iná mànàmáná, nítorí pé àwọn oníṣòwò iná ní ará oko jìnnà síra wọn jù. Ìjọba Roosevelt dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1935, wọ́n ṣòfin rẹ̀ ní 1936, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn àgbẹ̀ lówó, nípasẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àwọn àgbẹ̀ náà dá sílẹ̀ fúnra wọn. Àwọn ló ri òpó, àwọn ló ń gba owó iná, àwọn ló ń san gbèsè padà. Láàrin ogún ọdún, iná ti dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ oko. Ilẹ̀ Yorùbá kò ní láti lọ kọ́ alájẹṣẹ́kù lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Láti ayé kòkó ni a ti ń ṣe é, a sì mọ bí a ṣe ń bèèrè owó lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ san. Tí USPF bá yá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní owó àwo sátẹ́láìtì kan àti sóólà, a ó san án.

Ẹgbẹ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀. A ti kọ orúkọ àwọn abúlé tó yí wa ká sílẹ̀, iye ilé tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, iye ọmọ tó wà ní iléèwé, ibi tí ilé ìwòsàn wà, àti ilẹ̀ tí baálẹ̀ fọwọ́ sí pé kí wọ́n fi ri òpó láìgba kọ́bọ̀. A kọ orúkọ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa ṣọ́ ọ ní alẹ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú. A fẹ́ kí aṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gbé ìwé yẹn dé Àbújá kí wọ́n tó parí àwòrán ibi tí wáyà yóò gbà.